Ẹyin Méjì Tí Mo Ní Kí Ẹ Má Jẹ

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo mọ̀ pé ilé lẹ wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin yín, Bàbá Kékeré sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ̀yìn yàrá yín ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá mi, níbi tí ẹ máa ń sá ọṣẹ dúdú sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, mi ò ṣì yín kí. Ẹni tó bá ka lẹ́tà yìí lè sọ pé ta ló ń kọ̀wé sí ẹni tó ti kú. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Èmi tí mi ò bá wọn da yẹ̀pẹ̀, ìwé nìkan ló kù lọ́wọ́ mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá mi, tó jókòó sí ipò bàbá fún wa láti ọjọ́ yìí wá. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Síkírá, tó ń ránṣọ ní Ọ̀rányàn, ẹni tó tọ́jú yín títí ẹ fi lọ. Mo kí gbogbo agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ, àtàgbà àtọmọdé. Ọdún méjì ti kọjá dáadáa báyìí tí ẹ ti lọ. Kí Ọlọ́run Ọba fi Alùjáńnà kẹ́ yín.

Ìyá mi, Síkírá ń ṣàìsàn. Irú èyí tó mú yín gan-an ni. Ṣáájú Ààwẹ̀ ló ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, kò sọ fún ẹnì kan. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni, ó ń ra àgbo lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, ó ń mu ún bí ẹni ń mu omi. Ìgbà tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù fún un, tó ń fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ dín ẹ̀wù ara rẹ̀ kù, ni Bàbá Kékeré fà á lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, inú ìfun ńlá ló wà, kò tíì rìn lọ sí ibòmíràn, kí ó jẹ́ kí àwọn tètè la ikùn rẹ̀ kí àwọn gé e kúrò. Síkírá ní kò sí ẹni tó máa la ikùn òun. Ó ní ó ti ṣojú òun rí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó padà sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá Kékeré bẹ̀ ẹ́ títí, Síkírá ní kí wọ́n wá bi èmi Kàmọ́rù, pé ohun tí Kàmọ́rù bá ti wí lòun máa ṣe.

Ohun tí Kàmọ́rù bá ti wí. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ nílé wa. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ bàálù ni mo ti di ẹni tó mọ gbogbo nǹkan. Bí wọ́n bá fẹ́ ra fìríìjì, wọ́n á bi mí. Bí ọmọ kan bá ń wúkọ́, wọ́n á bi mí. Nígbà tí Bàbá Kékeré àti ìyàwó rẹ̀ jà, èmi ni wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ náà láti orí fóònù, èmi tí mi ò tíì níyàwó. Mi ò níí purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń fọ ilẹ̀ nígbà yẹn, kò sí ẹni tó lè pe orúkọ mi dáadáa níbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé ilé kan wà ní Bẹẹrẹ tí wọn kì í ṣe nǹkan kan láìgbọ́ ohùn mi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé orí ọ̀rọ̀ tiyín. Wọ́n la ikùn yín láti abẹ́ àyà dé ìsàlẹ̀ ìdodo, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n so ìyókù pọ̀. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì ní kí Síkírá gbé yín dìde kí ẹ rìn díẹ̀, bí ikùn bá sì ti gba oúnjẹ, kó máa fún yín ní ẹyin àti ẹja. Síkírá se ẹyin méjì. Kó tó bó o, ó pè mí kó lè sọ fún mi pé ẹ ti ń gbádùn.

Mo ní rárá. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ pa yín ni. Mo ní ẹni tí egbò wà lára rẹ̀ kì í jẹ ẹyin, kì í jẹ ẹran, ojú egbò náà á ṣoyún. Mo ní ẹ̀kọ mímu nìkan ni kó máa fún yín, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ kí okùn tí wọ́n fi rán yín má baà já. Síkírá ní nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní nọ́ọ̀sì wo, pé ṣé nọ́ọ̀sì yẹn ti dé ibi tí mo dé rí. Bó ṣe gbé ẹyin náà sí ẹ̀gbẹ́ kan nìyẹn.

Ibo ni mo ti kọ́ ọ? Kì í ṣe ìlú òyìnbó. Ọwọ́ yín ni. Nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ gún páànù ní ẹsẹ̀ òkè Mápó, tí mo wà ní kékeré, ẹ fi ọṣẹ dúdú fọ egbò náà, ẹ fi aṣọ dì í, ẹ sì kìlọ̀ fún mi pé ẹyin ò gbọdọ̀ kan ẹnu mi títí yóò fi jiná. Ẹ ní ẹyin ló ń mú egbò kẹ̀. Mo sunkún ẹyin yẹn ju bí mo ṣe sunkún ẹsẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi sí mi létí ni mo gbé dé òkè òkun, tí mo sì dá padà fún yín pẹ̀lú ohùn ẹni tó mọ̀wé. Síkírá ní nígbà tí òun jíṣẹ́ fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọmọ yín ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ẹ mu ẹ̀kọ, ẹ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ru igbá ọṣẹ àti kànìnkànìn gba ẹ̀gbẹ́ òkè Mápó lọ sí Ọjà'ba láràárọ̀, ẹ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nítorí pé mo ní kí ẹ dùbúlẹ̀. Ara yín ń fà wálẹ̀, ojú abẹ kọ̀, kò pa dé. Lẹ́yìn náà ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, tí ẹ ń wúkọ́ tí ẹ ò lágbára láti wú u jáde. Lọ́jọ́ kọkànlá, Bàbá Kékeré pè mí, ó kàn ń pe orúkọ mi.

Mi ò lè wá. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ sọ ọ́, nítorí ó tún ti ṣẹlẹ̀ báyìí. Ìwé tó fún mi láàyè láti gbé níbí wà lọ́dọ̀ ìjọba wọn nígbà yẹn fún àtúnṣe, pásípọ́ọ̀tù mi sì wà níbẹ̀. Bí mo bá jáde kí wọ́n tó dáhùn, ọ̀rọ̀ náà parí nìyẹn, mi ò lè wọlé mọ́. Fóònù ni mo fi rí ìsìnkú yín. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ ń sunkún, ó dojú fóònù kọ ilẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ni mo rí jù, àti ṣọ́bìrì. Ọdún yìí, ìwé náà tún wà lọ́dọ̀ wọn. Síkírá wà níbẹ̀, mo wà níbí, ilẹ̀kùn kan náà ló tún tì sí àárín wa.

Mo ti kúrò ní ilé àwọn arúgbó. Ọsibítù ni mo wà báyìí, ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún, ọ̀pọ̀ wọn ló ní jẹjẹrẹ. Èmi kọ́ ni mo ń tọ́jú wọn o. Oúnjẹ ni mo ń pín. Mo ní kẹ̀kẹ́ kan tí mo ń tì kiri, tíì wà lórí rẹ̀, búrẹ́dì, ọbẹ̀, ẹyin. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹyin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wo ìwé oúnjẹ tí wọ́n fún mi, mo rí i pé wọ́n kọ ẹyin fún ọkùnrin kan tí wọ́n la ikùn rẹ̀ lánàá. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, ará Gánà kan tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Ésì. Mo rọra sọ fún un pé ó jọ pé wọ́n ti ṣe àṣìṣe, pé ẹni yẹn ní egbò. Ó wò mí títí. Ó ní kí n lọ gbé ẹyin ọkùnrin náà fún un kó tó tutù, àbí mo fẹ́ pa á ni.

Oríṣi abẹ méjì ni wọ́n ń lò níbí. Ọ̀kan ni irú tiyín, tí wọ́n á la ikùn gbangba kí ọwọ́ dókítà lè wọlé. Èkejì, ihò kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n á dá sí ikùn, bí ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Wọ́n á ki kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ọ̀kan, wọ́n á ki irin gígùn bọ àwọn yòókù. Dókítà á máa wo inú ẹni náà lójú tẹlifíṣọ̀n, á máa gé, á máa rán. Ibi tí wọ́n á gbà fa èyí tí wọ́n gé jáde ò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Àwọn tí wọ́n ṣe irú èyí fún, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ti máa bi mí bóyá bisikíìtì ṣì kù. Wọ́n á máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì níí pẹ́ tí wọn á fi lọ ilé. Àwọn tí wọ́n là gbangba máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìrora wọn pọ̀, oúnjẹ kì í tètè wù wọ́n.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ yìí, mo dé yàrá mi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Mo ní áà, abẹ ló pa ìyá mi. Mo pe Síkírá lọ́jọ́ kejì, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un bí ẹni pé èmi ni mo ń ki irin bọ ikùn wọn. Mo ní ká ní abẹ oníhò ni wọ́n ṣe fún yín, ẹ ò bá wà láyé, ẹ ò bá ti padà sí ọjà. Síkírá ní ó dáa. Ara tù mí lọ́jọ́ yẹn. Ó máa ń tu èèyàn lára kó rí nǹkan dẹ́bi fún, pàápàá nǹkan tí kò lẹ́nu tí kò lè fèsì.

Ọkùnrin méjì kan ló gba ìtura yẹn lọ́wọ́ mi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀kan, tíṣà ni èkejì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn méjèèjì, ibùsùn wọn sì kọjú síra. Tíṣà, oníhò ni wọ́n ṣe fún un. Awakọ̀, wọ́n ní nǹkan inú rẹ̀ ti tóbi jù, wọ́n là á. Awakọ̀ yìí kì í dákẹ́. Ó ní wọ́n ti rẹ́ tíṣà jẹ, pé owó orí kan náà ni àwọn jọ san, wọ́n fún tíṣà ní ihò mẹ́rin péré, wọ́n sì fún òun ní odidi síìpù. Tíṣà fún un lésì pé kó rọra máa rẹ́rìn-ín, síìpù náà lè ṣí. Láti ọjọ́ kejì ni awakọ̀ ti ń jẹ gbogbo ohun tí mo bá gbé síwájú rẹ̀, á tún máa wo àwo aládùúgbò rẹ̀. Á fi ìrọ̀rí tẹ ikùn, á dìde, á máa rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì máa kéde fún àwọn aláìsàn tó kù pé ọkọ̀ ti dé ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ mú ẹrù rẹ̀ dání. Tíṣà ní tirẹ̀ kọjú sí ògiri. Kò fẹ́ jẹun. Kò fẹ́ dìde. Bí mo bá gbé àwo wá, bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa gbé e padà. Ìgbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, awakọ̀ ti ń di ẹrù rẹ̀, tíṣà ṣì wà níbẹ̀, itan rẹ̀ ti di igi, ó ń wúkọ́.

Ikọ́ yẹn ni mo gbọ́ tí mo dúró. Mo bi Àǹtí Ésì pé báwo ló ṣe jẹ́, ṣebí ẹni tí wọ́n dá ihò kéékèèké sí lára ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ ilé. Ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní ìwọ̀n abẹ ṣe pàtàkì, kò sí irọ́ níbẹ̀, ihò kéékèèké kì í dun ara tó lílà, ó sì máa ń rọrùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti dìde nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún, bákan náà ni wọ́n gé ìfun àwọn méjèèjì. Ó ní ara ò mọ̀ pé dókítà ló mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ohun tí ara mọ̀ ni pé wọ́n gún òun, á sì pariwo. Ṣúgà á lọ sókè nínú ẹ̀jẹ̀, ara ò sì níí lè lò ó bó ṣe yẹ. Bí oúnjẹ gidi ò bá wọlé, ara á yíjú sí ẹran ara rẹ̀, á máa yọ ọ́ ní itan, ní apá, ní iṣan àyà tí èèyàn fi ń mí, á máa fi wọ́n ṣe oúnjẹ. Abẹ ńlá, ariwo ńlá. Abẹ kékeré, ariwo kékeré. Àmọ́ bí ariwo náà ṣe wù kó mọ, ẹyin àti ẹja àti wàrà ló ń pẹ̀tù sí i, àti ẹsẹ̀ tó bá ń rìn.

Ìyá mi, ẹ rántí ọdún tí iná mú ní agbo ilé wa. Yàrá kan péré ló jó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹnì kan ò sùn. Wọ́n fa kànga gbẹ. Wọ́n já ilẹ̀kùn tí iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣọ́lé tú àjà gbogbo wa, ohun tí ọwọ́ wọn bá bà ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ń fi àpótí ìjókòó dáná. Ẹ̀yin lẹ bọ́ síta tí ẹ ní kí wọ́n gbé ìkòkò kaná kí wọ́n fún àwọn èèyàn yìí lóúnjẹ kí wọ́n tó jẹ ilé tán. Ọjọ́ tí wọ́n jẹun yó ni ilé dákẹ́. Bí Àǹtí Ésì ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń rí àwọn ọkùnrin yẹn. Mo rí i pé inú yín ni wọ́n wà fún ọjọ́ mọ́kànlá, tébi ń pa wọ́n, tí mo sì ní kí ẹ máa fún wọn ní ẹ̀kọ mímu.

Mo bi Àǹtí Ésì bí ẹni ń bèèrè fún ẹlòmíràn. Mo ní obìnrin kan wà nílùú wa, mo ṣàlàyé bó ṣe rí. Ó ní kò sí ẹni tó lè sọ pé oúnjẹ nìkan ni, pé ọjọ́ orí wà níbẹ̀, àìsàn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn míì jẹun dáadáa wọ́n sì lọ. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé níbo ni obìnrin náà wà báyìí. Mo ní ó wà nílé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti wà nínú ẹ̀bi yìí, mi ò sì mọ ọ̀nà àbájáde. Mi ò sọ fún ẹnì kan. Yàrá mi ò ju ibi tí ẹ ń kó kànìnkànìn sí lọ. Wọ́n kan ìṣó mọ́ fèrèsé rẹ̀ kó má baà ṣí ju ìbú ọwọ́ lọ, èmi náà ò mọ ẹni tí wọ́n rò pé ó fẹ́ gbabẹ̀ jáde. Òjò ibí kì í rọ̀ dáadáa kó dá, ó kàn máa ń sẹ̀ lórí èèyàn títí aṣọ á fi wúwo. Ní ìgbà òtútù, bí mo bá ti ń jáde nílé ilẹ̀ ò tíì mọ́, bí mo bá fi máa dé, ó ti ṣú. Mo ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n ṣìnà. Bí wọ́n bá ti ṣe àdúrà yẹn, ńṣe ni mo máa ń wá nǹkan sọ kí n lè pa fóònù.

Ìgbà tí Bàbá Kékeré wá pè pé Síkírá ń dúró de ọ̀rọ̀ mi, mo mọ ohun tó ń dúró dè. Ó ti sọ ọ́ fún Bàbá Kékeré: bí kì í bá ṣe abẹ oníhò tí Kàmọ́rù sọ, òun ò ṣe. Dókítà sì ti sọ fún wọn pé tirẹ̀ ti kọjá èyí tí wọ́n lè gba ojú ihò ṣe, àfi lílà. Bàbá Kékeré ní ṣé mi ò lè gbé e wá sọ́dọ̀ mi ni, ó ní ṣebí ọ̀dọ̀ mi lọ́hùn-ún ló wà. Èmi tí mi ò lè gbé ara mi jáde. Mo rí i pé mo ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi dí ọ̀nà mọ́ ọn. Níwọ̀n ìgbà tó bá gbà pé abẹ ló pa yín, kò níí jẹ́ kí abẹ kan òun, jẹjẹrẹ náà ò sì níí dúró dè é. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo fi lè mú ẹ̀rù abẹ kúrò lọ́kàn rẹ̀ ni kí n sọ ohun tí mo ṣe.

Àná ni mo pè é. Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo ní kó dá a dúró. Ó ní kí n máa wí, pé ẹsẹ̀ lòun fi ń wa ẹ̀rọ, etí lòun fi ń gbọ́rọ̀. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti awakọ̀ àti tíṣà, mo sọ ohun tí Àǹtí Ésì sọ, mo sọ ti ẹyin. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, kò dá mi lójú pé abẹ ló pa Ìyá wa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi. Ibi tí mo dé yẹn ni ẹ̀rọ dákẹ́. Mo rò pé ó ti já fóònù.

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní nǹkan kan wà tí òun náà ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, òun se ẹyin méjì míì, òun bó wọn, òun fi iyọ̀ sí i, òun dì í mọ́ inú áńkáṣífù, òun gbé e wá fún yín. Ó ní òun ti pinnu pé Kàmọ́rù ò níí gbọ́. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ mú ọ̀kan sọ́wọ́, ẹ dì í mú títí ó fi tutù. Lẹ́yìn náà ẹ dá a padà sínú áńkáṣífù. Ẹ ní Kàmọ́rù ní kí ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ ní bí àwa tó wà nílé bá ń da ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lájò nù, kí ni ọmọ náà á fi mọ̀ pé òun ṣì nílé.

Síkírá ní òun lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ọsibítù, òun jẹ ẹyin méjèèjì, nítorí òun ò fẹ́ kí ẹnì kan rí i lọ́wọ́ òun. Láti ọjọ́ náà, òun ò jẹ ẹyin mọ́.

Lẹ́yìn náà Síkírá fun imú, ó ní tóò, ọ̀gá, kí n wá sọ ohun tí òun máa ṣe. Mo ní mi ò níí sọ. Mo ní ohun tí Kàmọ́rù wí ni pé kó gbọ́ ti nọ́ọ̀sì tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ohun tí nọ́ọ̀sì náà bá ní kó jẹ ni kó jẹ, ìgbà tó bá ní kó dìde ni kó dìde, kò sì gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni lókè òkun kó tó ṣe é. Síkírá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ wò ó, ọba ti gbé adé sílẹ̀, ta ni wọ́n á wá máa bi tí wọ́n bá fẹ́ ra fìríìjì. Mo ní kí wọ́n bi ẹni tó ń tà á. Ó ní ó dáa. Ó ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun àti Bàbá Kékeré á padà lọ bá dókítà, kí wọ́n wá la ikùn òun.

Ìyá mi, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ìwé mi ò tíì dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé Síkírá wọlé síbi tí wọ́n gbé yín wọ̀, ibí ni mo máa wà, mo máa ti kẹ̀kẹ́ mi, mo máa gbé ẹyin síwájú ẹni tí mi ò mọ̀, mo sì máa dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́. Ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe kò ju ìyẹn lọ. Èyí tó kù, mo fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ẹ forí jì mí. Mo mọ̀ pé ẹ ti ṣe é, kí n tiẹ̀ tó ṣẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ dá ẹyin yẹn padà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ tọrọ rẹ̀ ní gbangba.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ rere fún yín, kó fẹ ibojì yín lójú, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Kó fún Bàbá Kékeré ní ẹ̀mí gígùn àti ẹsẹ̀ tó lágbára, nítorí òun ni yóò máa lọ yóò máa bọ̀. Kó bá wa ṣọ́ ọwọ́ dókítà. Mo kí gbogbo ilé, mo kí àwọn aládùúgbò yín ní Ọjà'ba tí wọ́n bá wa tọ́jú ìsọ̀ yín títí di òní. Síkírá, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìfaradà. Bí ikùn bá ti gbà á tí nọ́ọ̀sì sì ti ní ó yá, kí wọ́n bá mi se ẹyin méjì fún yín. Ẹ jẹ ọ̀kan tiyín. Ẹ bá mi jẹ ọ̀kan ti Ìyá wa.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń wo ọ̀nà ilé,
Kàmọ́rù Àkànní.